Ìtàn Tí Yóò Mú Fèrè Jókòó

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù òkè òkun, o sì kú ooru. Bí ènìyàn ṣe ń gbọ̀n lójú títì ní òwúrọ̀, tó sì tún ń làágùn nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ kí ọ̀sán tó pọ́n, n kò mọ irú ara tó lè gba ìyẹn. Ṣé o ń wọ ìbọ̀sẹ̀? Ẹ̀rọ ńlá tí ẹ fi ń lọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì yẹn ńkọ́, bí ọwọ́ ènìyàn bá há síbẹ̀, kí ni yóò dá a dúró? Dáhùn èyí kí o tó dáhùn ohun mìíràn.

Má bi mí pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá pè ọ́, mo máa ń gbàgbé ìdajì ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Nínú lẹ́tà, gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń rántí. Ìyàwó ọmọ Fèrè yóò fi fóònù rẹ̀ ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, yóò sì tẹ èsì rẹ sórí ìwé fún mi ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ Fèrè gan-an ló gbé mi dé ìdí bírò. O mọ Fèrè, ọ̀rẹ́ mi tó ń wa rélùwéè, tó máa ń fọn fèrè ọkọ̀ bó bá ti ń kọjá níwájú ilé wa, tí ìwọ yóò fi ta gìrì lójú oorun. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú. Ojú òsì ti kú tipẹ́. Ọ̀tún tó kù ni wọ́n ṣe. Dókítà ní kó jókòó sílé títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé nǹkan, kò gbọdọ̀ jáde sínú eruku, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan báńdéèjì. Bó bá ṣe agídí tí ojú náà bá tún ya, ó parí nìyẹn. Òkùnkùn ló kù.

Ṣé Fèrè lẹni tí ènìyàn lè ní kó jókòó? Ẹni tí ilẹ̀ ti ń sáré lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà èwe! Àwọn ọmọ ilé ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, èmi sì ni mo ń ṣọ́ ọ títí wọn yóò fi dé. Mo ka ìwé ìròyìn fún un, mo kà á dé ojú ewé àwọn tó ti kú. Ó ní, "Gbogbo àwọn tí ò ń kà yìí ló ti dákẹ́. Wá ẹni tó wà láàyè fún mi." Mo ka gbogbo ìwé tó wà nílé, títí kan ìwé ìṣirò. Ó wá ní, "Ọmọ rẹ ń kọ ìtàn, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo bí i ni? Kọ ọ̀kan fún mi."

Mo kọ ọ́. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi ṣọ́ géètì ojú irin, kí ni n óò kọ bí kò ṣe ohun tí mo mọ̀? Mo kọ ọ́ báyìí:

"Ojú ọjọ́ dára. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì jí, ó jẹun, ó mu omi sí i. Nígbà tí rélùwéè ń bọ̀, ó ti géètì. Rélùwéè kọjá. Ó ṣí géètì. Oníkálùkù lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà."

Fèrè na etí sí mi. Ó ní, "Máa kà á."

Mo ní ó ti parí.

"Ó ti parí? Mo rò pé ò ń wú ikọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ni!" Ló bá dìde, ó ní òun ń lọ sí ẹnu ọ̀nà ìta lọ gbọ́ ìjà àwọn ènìyàn, ó sàn ju ìtàn mi lọ. Ẹ̀yìn mi ni mo fi dí ìlẹ̀kùn.

Nítorí náà, kọ́ mi. Kí o sì tètè kọ́ mi.

Ohun kan ṣì wà lọ́kàn mi. Nínú ìtàn rẹ tó jáde nínú ìwé ìròyìn, bàbá arúgbó kan wà tó máa ń ti ojú ọ̀nà padà wálé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti wò ó bóyá òun ti ìlẹ̀kùn. Ta nìyẹn? Mo kàn ń béèrè ni.

Èmi bàbá rẹ, tí mo fi ojú kan ṣọ́ Fèrè, tí mo fi ìkejì kọ lẹ́tà.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń wọ̀. Irin pupa kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà. Bí ohunkóhun tí kì í ṣe aṣọ bá kàn án, ẹ̀rọ á dúró gbọnyin. Mo ti dáhùn o.

Ẹ bá mi kí Bàbá Fèrè. Ẹ ní mo ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n jókòó, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n rí mi nígbà tí mo bá dé.

Bàbá arúgbó inú ìtàn mi kì í ṣe yín. Ẹ̀yin kì í padà wálé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni. Ìtàn ni, Bàbá. Mo mú imú lára ẹnì kan, mo mú ìrìn lára ẹlòmíràn, mo wá fi ahọ́n ara mi sí i lẹ́nu. Bí ẹ bá wá ara yín níbẹ̀, ẹ óò kàn rí ìka kan ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìtàn yín. Mo kà á níbi tábìlì tí a ti ń ká aṣọ, mo rẹ́rìn-ín, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì bi mí pé kí ló dé. Mo ní bàbá mi kọ ìtàn tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní, "Ó wuni o. Irú ìgbé ayé yẹn ni mo fẹ́." Ó wuni láti gbé, Bàbá, ṣùgbọ́n kò wuni láti gbọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe é. Ọkùnrin yín fẹ́ ti géètì, ó sì tì í. Kò sí ẹni tó bá a du ú. Ìtàn kì í bẹ̀rẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi fẹ́ nǹkan lójú méjèèjì, tí ẹlòmíràn yóò sì dúró sí ọ̀nà. Ẹ ti ní géètì. Ẹ mú ẹnì kan wá sí òdìkejì rẹ̀ tí kò lè dúró. Ó lè jẹ́ obìnrin tó gbé agbọ̀n. Ibo ló ń sáré lọ? Kí ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá tètè kọjá?

Ẹ yọ oúnjẹ òwúrọ̀ kúrò. Ẹ yọ ojú ọjọ́ kúrò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí rélùwéè ti ń bọ̀ ná.

Ọmọ yín tó ń lọ aṣọ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, mo dúpẹ́ lórí irin pupa. Ṣùgbọ́n ta ló ń yẹ irin pupa náà wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Béèrè lọ́wọ́ wọn.

Mo fi obìnrin tó gbé agbọ̀n sí i. Ó dé ìdí géètì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ ní kó dúró, ó dúró. Nígbà tí rélùwéè kọjá tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó dáàbò bo òun.

Fèrè ní, "Obìnrin wo nìyẹn? Ṣé ère ni? Èmi tí mo wa ọkọ̀ kọjá lẹ́nu géètì yẹn tó bẹ́ẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí wọn kò bú ìyá mi!"

Ìyẹn dùn mí. Mo wá ronú pé ó dáa, ó fẹ́ wàhálà, n óò fún un ní wàhálà. Mo mú olè wọ inú rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Olè kan yọ lẹ́yìn igi. Wọ́n ti hewú. Wọ́n mú ọ̀bẹ lọ́wọ́."

Fèrè na ọrùn. "Àwọn mélòó?"

Mo ní ẹnì kan.

"O ní wọ́n!"

Mo ní wọ́n ti dàgbà ni.

"Ta ló dàgbà?"

"Olè náà."

"Ò ń bọ̀wọ̀ fún olè?"

Mo ní kì í ṣe èmi, ẹni tó ń sọ ìtàn ni, àti pé olè náà ju ẹni tó ń sọ ìtàn lọ dáadáa.

"Kí ni orúkọ bàbá ẹni tó ń sọ ìtàn?" Fèrè ní. "Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó ti gbéyàwó?" Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ń gbá àga, ara rẹ̀ ń mì, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ̀yin olè! Ẹ jókòó sà! Ṣé ọ̀bẹ yín mú dáadáa?" Mo ń bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Dókítà kò sọ pé kó má rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n dókítà kò tíì gbọ́ ìtàn mi.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá kọ "wọ́n", olè kan ṣoṣo á di ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Bí mo bá kọ "ó", ọmọ ẹnì kan á kà á, á ní èmi kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ìwọ náà kọ "ó" fún bàbá arúgbó inú ìtàn rẹ. "Ó padà, ó tún di kọ́kọ́rọ́ mú." Mo kà á, ó sì dà bí ìgbà tí ọmọ mi gba fìlà lórí mi. Mo mọ̀ pé o ní kì í ṣe èmi.

Ohun tó tún le jù ni pé ọwọ́ mi kò lè kọ ibi. Bí mo bá ti fẹ́ kí nǹkan ṣe obìnrin náà, ọwọ́ mi á dúró. Kí nǹkan má ṣẹlẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí. Ọjọ́ tí nǹkan kò ṣẹlẹ̀ ni ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ jù lọ. Ó wá di ọjọ́ ogbó mi kí o ní kí n jẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Tètè fèsì. Lánàá, mo bá Fèrè níbi tó ti ń fi ìka wá etí báńdéèjì.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Wọ́n ń yẹ irin pupa wò ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Mo béèrè. Ọ̀gá wa bi mí bóyá àjọ ìjọba ló rán mi.

Ẹ jẹ́ kí olè yẹn máa lọ sílé. Ó ti dàgbà, ìsinmi tọ́ sí i. Wàhálà kan tó lágbára sàn ju méjì lọ, géètì àti obìnrin sì ti tó.

Lórí "ó" àti "wọ́n", ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹni tó ń sọ ìtàn kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó jù ú, kò sì sí ẹni tó jù. Ẹ jẹ́ kó máa pe gbogbo ayé ní "ó", kò sí ẹni tí yóò nà án. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn inú ìtàn bá la ẹnu, ẹ dá ọ̀wọ̀ wọn padà. Ibẹ̀ ni agbára wà. Bí ọmọ bá ti ń sọ "ẹ" fún bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó wá di àárín ìtàn tó sọ "ìwọ", ẹ kò ní láti kọ ọ́ rárá pé inú ń bí i. Gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ni ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Lórí ọwọ́ tí kò lè kọ ibi, mo rò ó fún ọjọ́ púpọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ẹ rántí orúkọ tí Ìyá mi ń pè yín: Bàbá Bó-bá-lọ-jẹ́-pé. A fẹ́ lọ ra bàtà, ẹ ní, "Bó bá lọ jẹ́ pé òjò dé ńkọ́?" Mo fẹ́ jẹ ẹyin, ẹ ní, "Bó bá lọ jẹ́ pé èèpo wà nínú rẹ̀ ńkọ́?" Aládùúgbò ra ajá, ẹ ní, "Bó bá lọ jẹ́ pé ajá náà kò fẹ́ràn wọn ńkọ́?" Bàbá, kíláàsì tí mo lọ kọ́ ìtàn kíkọ níbí, ìbéèrè kan yìí ni wọ́n fi ń lù wá lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹlòmíràn á jókòó fún wákàtí, kò ní rí ọ̀kan béèrè. Ẹ̀yin, kò sí ìṣẹ́jú tí ẹ kì í béèrè mẹ́ta.

Ibi tí ẹ ti ń ṣìnà ni pé, bí ẹ bá ti béèrè tán, ẹ máa ń sáré lọ mú agbòjò. Nínú ìtàn, ẹ fi agbòjò sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀.

Ó ku agbọ̀n. Kí ló wà nínú rẹ̀? Ẹ má sọ fún Bàbá Fèrè o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, nítorí obìnrin tó gbé ẹyin kì í rìn bí obìnrin tó gbé òkúta. Bí ẹ bá sì ń kà á fún wọn, ibi tí ọkàn wọn bá ti fẹ́ mọ èyí tó kàn, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti ká ìwé yín. Ẹ ní ó di ọ̀la.

Wọn óò bú yín. Ẹ fara dà á.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi àtàtà,

Ìròyìn ayọ̀ ni mo ń kọ yìí, má bẹ̀rù.

Lánàá lọ́sàn-án, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nígbà ayé wa lẹ́nu iṣẹ́ yọjú lójú fèrèsé, ó pariwo pé, "Fèrè! Ẹ̀ńjìnnì tuntun ń bọ̀ ní ìdíkọ̀ lónìí o! Kò tíì sí irú rẹ̀ rí!" Ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn láti ìgbà yẹn.

Fèrè ní, "Gbé ọ̀pá mi wá."

"Ojú rẹ ńkọ́?"

"Etí ni n óò fi wò ó."

"Eruku pọ̀ lójú ọ̀nà."

"Èmi àti eruku ti jọ dàgbà." Ó ti táràrà dé ibi ìlẹ̀kùn, ó ti di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú. Ó ní bí mo bá tún fẹ̀yìn dí i, òun á gbé mi tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á sì gbé mi lóòótọ́, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ gbígbé nǹkan ni yóò fọ́ ojú náà.

N kò dìde. Mo jókòó, mo la ìwé mi, mo kà á sókè:

"Obìnrin náà ti ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ géètì. Ó ní, 'Ẹ ṣí i fún mi, Bàbá. Mọ́tò tí yóò gbé mi lọ wà lódìkejì, kò ní dúró dè mí.' Bàbá rẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, di ẹ̀wọ̀n rẹ̀ mú. Ó ní, 'Rélùwéè ń bọ̀.' Obìnrin náà ní, 'Láti kékeré mi lẹ ti ń sọ ọ́, Bàbá. Kò sí ọjọ́ tí rélùwéè kan kì í bọ̀.' Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó bọ́ sórí irin tòun tagbọ̀n, ó yíjú padà. 'Ìwọ,' ó ní. 'Ìwọ gan-an ni rélùwéè náà.'"

Ọwọ́ Fèrè kúrò lára ìlẹ̀kùn.

"Kí ló pè é?"

"Ìwọ."

"Bàbá rẹ̀?"

"Bàbá rẹ̀ tó bí i."

Ó táràrà padà, ó wá àga rẹ̀ kàn, ó jókòó. A gbọ́ fèrè ẹ̀ńjìnnì tuntun náà láti òkèèrè, kò tilẹ̀ yí orí. Ó ní, "Kà á lọ."

Mo ká ìwé. Mo ní ó di ọ̀la.

Ohun tó pè mí, n kò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí olùkọ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, yóò yà ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìjókòó ló jókòó tó fi ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. N kò mọ ohun tó wà nínú agbọ̀n. Mo ti gbìyànjú tòmátì. Tòmátì kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Mo ti gbìyànjú ọmọ ọwọ́, ó wá di pé èmi ni kò lè jẹun. Fèrè ń bi mí lójoojúmọ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Gbà mí.

Bàbá rẹ, òǹkọ̀wé.


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ kan. O kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣé irin pupa ni? Ṣé wọ́n gbàgbé láti yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ Ajé? Ṣé ìbọ̀sẹ̀ ló tutù? Olùkọ́ ní o ti ka lẹ́tà mi, òun rí àmì rẹ̀ lórí fóònù. Bí o bá ti kà á, o wà láàyè. Bí o bá wà láàyè, kí ni mo ṣe?

Fèrè ní, "Ọmọ náà ń bínú sí ọ." Mo ní kí ló dé tí yóò fi bínú? Ó ní, "Ìwọ lo bí ọmọbìnrin tó lọ sí òkè òkun. Ìwọ lo ṣọ́ géètì. Ìwọ lo kọ ìtàn ọmọbìnrin tó ń lọ àti bàbá tó ti géètì. Kàn máa bi mí ní ìbéèrè òmùgọ̀."

N kò tíì lè jẹun dáadáa láti ìgbà tó ti sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò tú báńdéèjì. Fèrè sì ti búra pé òun kò ní gbé ẹsẹ̀ jáde lọ sí ilé ìwòsàn àfi bí òun bá gbọ́ òpin ìtàn. Mo mú un jókòó, ó wá jókòó jù.

Kọ ìlà kan péré.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ọwọ́ mi pé, ẹsẹ̀ mi gbẹ, ẹ jẹun.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo fi aṣọ ìrọ̀rí kan sábẹ́ áyọ́ọ̀nù, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó jó. Ọ̀gá wa ní kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní bàbá mi ló ṣẹlẹ̀.

Ìgbà wo ni mo pè yín ní "ìwọ"? Mo wá gbogbo ìgbà tí a ti jọ jà, n kò rí i. Ọjọ́ tí mo ń lọ, ẹ̀yin lẹ gbé àpótí mi dé ìdí mọ́tò. Ẹ yẹ táyà rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí awakọ̀ fi ní kí ẹ kúkú wá wà á. Ẹ kò ti géètì kankan. Ta wá ni obìnrin yìí tó ń fi ẹnu àfojúdi sọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lójú irin?

Ẹ má dá mi lóhùn pé kì í ṣe èmi. Mo mọ ẹni tó kọ́ yín ní ìdáhùn yẹn.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú Bàbá Fèrè dé ilé ìwòsàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi òwe parí rẹ̀. Mo mọ̀ yín. Òwe ní ìparí ìtàn dà bí ẹni tó ti jẹun tán tó wá ń ṣàlàyé oúnjẹ fún àlejò. Ẹ má sì jẹ́ kí ó jẹ́ àlá tí ọkùnrin náà lá. Yálà ó ṣí géètì tàbí kò ṣí i, kí ó pàdánù nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tó bá kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni òpin ìtàn.

Bí ẹ kò bá sì tíì mọ̀ ọ́n, ẹ ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ á máa rìn nígbà tí etí bá ń gbọ́.

Ọmọ yín. (Kí ló wà nínú agbọ̀n? Èmi gẹ́gẹ́ bí ọmọ ló ń béèrè, kì í ṣe èmi òǹkọ̀wé.)


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Ọmọ mi tó ń jó ìrọ̀rí oní-ìrọ̀rí,

Kì í ṣe ìwọ. Mo mú agbọ̀n lọ́wọ́ ẹnì kan, mo mú ẹsẹ̀ lára ẹlòmíràn, mo fi ahọ́n ara mi sí i lẹ́nu. Bí o bá wá ara rẹ níbẹ̀, ìka kan lo máa rí. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn báyìí kẹ́yìn.

Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ní kí Fèrè wọ bàtà, ó ní àfi òpin ìtàn. Mo ní òpin rẹ̀ gùn, ọ̀nà ni n óò ti máa kà á. Mo di apá rẹ̀ mú, mo ń kà á lẹ́sẹ̀ kan-lẹ́sẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wà níwájú tó ń ṣọ́ kòtò fún wa, mo sì mọ̀ pé òfìfo ni ojú ewé tó kẹ́yìn lọ́wọ́ mi. N kò rí òpin kọ. Géètì ṣì wà ní títì, obìnrin ṣì wà lórí irin, ilẹ̀ ṣì ń gbọ̀n.

Nínú yàrá tí a ti ń dúró de dókítà, ìjókòó kún fún àwọn tó di ojú bíi tirẹ̀. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Obìnrin kan ní igun ní, "Ẹ kà á sókè, ẹ jọ̀wọ́, àwa náà ń gbọ́." Bí mo ṣe ń dé "ìwọ gan-an ni rélùwéè náà," nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní ó kan Fèrè. Fèrè ní kó dúró díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní dókítà kì í dúró. Mo ní, "Wọlé. Bí o bá jáde, n óò parí rẹ̀." Gbogbo yàrá kùn sí mi.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Bó bá lọ jẹ́ pé ojú náà kò là ńkọ́? Bó bá lọ jẹ́ pé ó fọwọ́ kàn án nígbà tí mo lọ tọ̀ ńkọ́? Bó bá lọ jẹ́ pé ẹ̀rín olè yẹn ló bà á jẹ́ ńkọ́? Mo jókòó ti àwọn ìbéèrè náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí agbòjò kankan tí mo lè mú.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Fèrè dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ pupa, ó ń ṣomi. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Háà," ó ní, "o mà ti darúgbó o!"

Mo sunkún. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó jókòó tì mí, ó na ọwọ́. "Kó ìwé náà wá. Èmi ni n óò fi ojú ara mi kà á." Mo ní dókítà kò ní gbà. Dókítà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìlà díẹ̀ kò ní pa á. Fèrè já ìwé gbà lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ó ń kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé. Ó ka "ìwọ". Ó ka "rélùwéè". Ó ṣí ojú ewé.

Ewé òfìfo nìyẹn. Mo la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀.

Fèrè kò dúró. Ó ń kà á lọ.

Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dìde. Mo rò pé ojú ti bàjẹ́, ó ń rí ohun tí kò sí. Mo wo ojú náà. Ó ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, ó ń padà, ó tún ń lọ, ìka rẹ̀ ń tọ ìwé funfun lẹ́sẹẹsẹ. Ó sì ń sọ pé awakọ̀ kan wà nínú rélùwéè náà.

Ọmọ mi, n kò ronú kan awakọ̀ rí. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ, rélùwéè kàn ń bọ̀ ni, bí òjò.

Ó ní, "Awakọ̀ rí obìnrin náà láti òkèèrè. Ó rí i kedere. Ó rí àwọ̀ aṣọ rẹ̀. Ó rí bàbá kan tó di ẹ̀wọ̀n mú, tí kò mọ èyí tí yóò ṣe. Ó di bíréékì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì."

Rélùwéè kì í dúró bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo jẹ́ kó máa kà á lọ.

"Irin ń ké. Iná ń ta láti abẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó dúró. Àárín ọkọ̀ àti obìnrin náà kò ju ìwọ̀n àga yìí lọ. Awakọ̀ yọ orí lójú fèrèsé, láti òkè tó wà ó ń wo inú agbọ̀n náà tààrà..."

Ó nu omi ojú rẹ̀. Ní igun, obìnrin yẹn mí kanlẹ̀. Mo gbàgbé pé ìwé náà kò ní ọ̀rọ̀ kankan lójú, mo gbàgbé pé èmi ni mo ni ìtàn. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn, mo di apá aṣọ rẹ̀ mú.

Mo ní, "Kí ló rí?"

Bàbá rẹ.